Ta Ni Ẹbí Nínú Fọ́ọ̀mù? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Nínú Ètò Adójútòfò Ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó

Àwọn Yorùbá gbà pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òwe náà wọ́pọ̀ débi pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn rí mọ̀ pé òwe náà ní ìhà kejì tí àwọn ènìyàn kì í sábà pa: ọrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè kí aláìsàn tó rí oògùn gbà. Ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Bí àìsàn bá dé bá irú àwọn bẹ́ẹ̀, àpò ara wọn, ọwọ́ ẹbí tàbí ẹ̀yáwó ni wọ́n gbójú lé.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin adójútòfò ìlera ní ọdún 1999, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu ní ọdún 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, alájàpá àti aláàárù kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹsẹ̀ wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tí ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró di ìgbà náà. Ọdún 2015 ni wọ́n ti ṣe òfin tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Ambọ̀dé, ṣí ètò náà fún aráàlú. Ìlera Èkó ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ náà.

Ohun tí a bá sọ di dandan, ó yẹ kí ó yé ẹni tí a sọ ọ́ di dandan fún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin fi sọ̀rọ̀, òun náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́nu lásán ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú ọjà, nínú mọ́ṣáláṣí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìpàdé àdúgbò. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń ṣàlàyé á ní ètò náà wà fún olùgbé Èkó àti ìdílé rẹ̀, pé ó kan àwọn ọmọ, pé ìjọba yóò san ti àwọn aláìní. Gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ni ó mọ ìtumọ̀ olùgbé, ìdílé, ọmọ àti aláìní láti ìgbà èwe. Ìtumọ̀ tí wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí òfin ní lọ́kàn, ọjọ́ tí ara ẹnìkan kò bá yá ni ìyàtọ̀ náà máa ń hàn síta.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni yékéyéké, ká ní ìyá kan wà ní Ìkòròdú tí ó ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré kan. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó sì wà ní yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ọmọ ọdún 16, 13, 10 àti 7. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ti kú, ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 3; ó ti pé ọdún 9 báyìí. Ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún 72, ń gbé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí Èkó lóòrèkóòrè nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yìí pé ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ìdílé rẹ̀, kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn pé mẹ́sàn-án ni. Irú ìdílé báyìí kò ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ó ti inú irú rẹ̀ jáde.

Olùgbé

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni olùgbé. Àwọn kan rò pé nítorí pé wọ́n pe ètò náà ní Ìlera Èkó, ọmọ Èkó nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òfin kò béèrè ìlú tí wọ́n ti bí baba ẹni tàbí ìdílé tí ó ni oyè. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó béèrè. Ará Ṣakí tí ń ta iṣu ní Mushin, ọmọ Ìgbò tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ará Àgbádárìgì tí ń fọ èdè Ègùn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú òfin, bí wọ́n bá sáà ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùgbé ìpínlẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdíjú tirẹ̀ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Èkó ṣì máa ń sọ pé òun ń lọ sí ilé nígbà ọdún, Ìlá ni ó sì ń lọ. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, Ìlá ni yóò dárúkọ. Èkó kàn jẹ́ ibi tí ó ń gbé ni. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ tí ń ṣàkọsílẹ̀ bá béèrè pé, "Níbo ni ilé yín, mà?", ìdáhùn tí kò bá fọ́ọ̀mù mu ni yóò rí gbà. "Níbo ni ẹ ń gbé, mà?" ni ìbéèrè tí ó yẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá ọkọ olùkọ́ náà gbọ̀ngbọ̀n. Ìlá ni màmá ń gbé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ni Ìlá wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀, bí Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara ti ní tiwọn. Abẹ́ ti Ọ̀ṣun ni ẹ̀tọ́ màmá wà. Ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ya ìyá kúrò lára ọmọ ni. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá mọ èyí lásìkò, wọn a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ibi tí ó ti ń sùn tí ó sì ń jí, kí ó má baà jẹ́ pé ọkọ̀ Èkó ni yóò máa wọ̀ nígbàkúùgbà tí oògùn rẹ̀ bá tán.

Ìdílé

Ní ìgbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ₦40,000 ni owó ìdílé kan fún odidi ọdún, ₦8,500 sì ni owó ẹnìkan ṣoṣo. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò fún ẹ̀kọ́. Bí ènìyàn mẹ́fà bá san án lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦51,000 ni ìbá jẹ́. Ẹ̀dínwó wà nínú kí ìdílé para pọ̀ san án. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé mẹ́fà ni ìdílé náà: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìlànà ètò ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012 jọ èyí. Òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya kan, àti ọmọ bíbí inú mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó kà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹlòmíràn kún un yóò san owó mìíràn lé e.

Yorùbá kò ka ìdílé báyìí. Ìdílé jẹ́ gbogbo ẹni tí ìran kan dà pọ̀, ẹbí sì tún gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó ilé kò mọ sí obìnrin kan ṣoṣo; gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wá sínú agboolé ni. Bí ọkùnrin kan bá ní aya méjì, àwọn méjèèjì ni ìyàwó rẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè yọ kúrò láìdá ìjà sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ó ní àyè fún aya kan nìkan kò sọ pé èkejì kì í ṣe aya. Ohun tí ó ń sọ ni pé owó kan yìí kò kárí èkejì, pé ó ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bí alálàyé kò bá sọ gbólóhùn kejì yìí, àkọ́kọ́ nìkan ni ìyálé àti ìyàwó yóò gbọ́.

Ọmọ

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ ni ó le jù. Ọmọ kì í tán lọ́mọ nínú èdè Yorùbá. Ẹni àádọ́ta ọdún ṣì jẹ́ ọmọ níwájú ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá kì í fẹ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín ọmọ tí ènìyàn bí àti èyí tí ó wò dàgbà. Ojú mẹ́rin ni ó ń bí ọmọ, igba ojú ni ó ń wò ó. Òfin ka ojú mẹ́rin, kò ka igba.

Òǹkà ọdún 18 kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ ni wọ́n ṣètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún, ní sáà kan náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin pàtàkì tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ṣèlérí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ni ètò ìgbà Awólọ́wọ̀ wò, kò wo ẹni tí ó bí i tàbí iye ọmọ tí ó wà nílé. Ti ìsinsìnyí gba ọwọ́ ẹni tí ó sanwó kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Nínú ìdílé olùkọ́ ará Ìkòròdú yìí, àwọn ọmọ ọdún 16, 13, 10 àti 7 bọ́ sí àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin régé. Àkọ́bí ti kọjá ọdún 18. Kò ṣàì ní ọ̀nà, nítorí ètò kan wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì yẹ kí ó béèrè bóyá yunifásítì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 nìkan ni ó kù. Òun ni ó kéré jù lẹ́yìn àbíkẹ́yìn, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń sùn, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní káàdì, òun kò ní. Bí ibà bá kọ lu òun àti ọmọ ọdún 10 ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, káńtà ilé ìwòsàn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ àbúrò bàbá ni.

Kò sí olóòótọ́ òbí tí kò ní rí ohun tí ó wà nínú èyí. Ọgbọ́n tí àwọn mìíràn ń dá ni pé kí wọ́n yí orúkọ padà, kí ọmọ tí kò ní káàdì lo ti ẹni tí ó ní i. Ewu wà níbẹ̀ ju ti irọ́ lọ. Ohun tí dókítà bá rí lára ọmọ kan ni yóò kọ sínú ìwé ọmọ kejì, títí kan irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti oògùn tí kò bá ara rẹ̀ mu. Ní iye owó ọdún 2018, ₦8,500 ni ìbá tó láti fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní tirẹ̀. Owó yìí kì í ṣe kékeré fún káfíńtà àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà náà wà kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó rẹ̀ jọ.

Aláìní

Òfin kò gbàgbé ẹni tí kò lè san. Òfin ìlera ti ọdún 2014 pàṣẹ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ sì gba ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò. Òfin Èkó náà ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ láti inú àpò ìpínlẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Òfin ọdún 2022 ka àwọn tí ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, aláàbọ̀ ara, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé àti aláìní.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aláìní gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ náà kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Yorùbá kórìíra kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní tálákà. Òṣì ní ń jẹ́ ta ni ó mọ̀ ọ́ rí, owó ní ń jẹ́ mo bá ọ tan. Ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní iwájú ilé, tí ó máa ń gbàdúrà lójoojúmọ́ pé kí òun má rí àkúṣẹ̀ẹ́, kò ní gbà kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ tálákà níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀. Yóò ní Ọlọ́run ń bọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ kò ṣe ní wọ ìwé, nígbà tí ẹlòmíràn tí ojú kì í tì yóò sáré wá jókòó sí iwájú.

Ọ̀wọ́ mìíràn tún wà láàárín. Àwọn ni mẹ̀kúnnù tí ń rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ, tí wọn kò tòṣì tó kí ìjọba san tiwọn, tí wọn kò sì lówó tó láti san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Káfíńtà àti olùkọ́ Ìkòròdú wà lára wọn. Fún irú wọn, kí alájọ àdúgbò bá wọn kó o ní díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé kò burú rárá.

Èsúsú tàbí Ọ̀wẹ̀

Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé gbogbo àlàyé yìí ni pé kí ló dé tí òfin fi há báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi adójútòfò wé èsúsú, wọ́n sì ń bínú nígbà tí ọdún bá yí po tí wọn kò ṣàìsàn, tí wọn kò sì rí owó wọn gbà padà. Nínú èsúsú, iye tí ènìyàn dá ni yóò kó. Adójútòfò sún mọ́ ọ̀wẹ̀ jù ú lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá jẹ́ ìpè ọ̀wẹ̀ ni ó ń lo agbára rẹ̀ lórí ilé ẹnìkan. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá wó kò ní rí ọ̀wẹ̀ bẹ̀, kò sì ní sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ọ̀wẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ́ ìpè ẹlòmíràn, tí ó wá ń bẹ ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, kò ní rí ènìyàn púpọ̀. Bí gbogbo aráàlú bá dúró di ọjọ́ tí ara wọn kò yá kí wọ́n tó san owó àsansílẹ̀, owó kò ní sí nínú àpò láti fi tọ́jú ẹnikẹ́ni. Bákan náà, bí owó ẹnìkan bá lè gbé ogún ènìyàn, àpò náà yóò gbẹ kí ọdún tó dé ìdajì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ di dandan, tí wọ́n sì fi kọ iye ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti lóye èyí lè bá ìjọba jiyàn bí ó ti yẹ. Ó lè béèrè ìdí tí ọmọ òrukàn tí ìdílé kan gbà tọ́ kò fi lè bọ́ sí àyè ọmọ, nígbà tí àyè bá ṣófo nínú ìdílé tí ó bí ọmọ méjì péré. Ìbéèrè gidi ni èyí, ó sì tọ́ sí àwọn aṣòfin láti dáhùn.

Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ ńlá ń bẹ lọ́rùn olùkọ́ èdè Yorùbá àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Òun ni wọ́n máa ń pè ní àdúgbò láti ka lẹ́tà àti láti bá àgbàlagbà kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Kò yẹ kí ó dá ẹbí lé orí ohun tí òfin fi sí ènìyàn mẹ́fà. Ó sàn kí ó kà á jáde lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀yin fúnra yín, ọkọ tàbí aya yín kan, àti ọmọ yín mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí ó bá kù, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tirẹ̀. Kò yẹ kí ó sọ pé ọmọ Èkó ni ó wà fún. Ẹni tí ń gbé ní Èkó ni kí ó sọ. Kò sì yẹ kí ó béèrè níwájú èrò pé ta ni tálákà níbí. Kí ó pe ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sọ fún un pé owó kan wà tí òfin ti yà sọ́tọ̀ fún irú wọn, pé ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàráà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀tọ́, ni Yorùbá fi lè gbé gbogbo èyí dúró. Ẹni tí ó bá gbà pé àánú ni wọ́n ṣe òun yóò gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, yóò sì dákẹ́ bí wọn kò bá fún un. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i yóò béèrè orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ òun sí, yóò béèrè àìsàn tí owó náà kárí àti èyí tí kò kárí, yóò sì mọ ọjọ́ tí káàdì rẹ̀ yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú kíláàsì ìtumọ̀, ó dára kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú fọ́ọ̀mù gidi wá, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kà á fún ìyá arúgbó tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní agbègbè ilé-ẹ̀kọ́. Kí wọ́n wá ní kí ó tún un sọ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ibi tí ó bá ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni kí wọ́n padà sí, kí wọ́n tún un túmọ̀.